Rìmóòtù Abẹ́ Ìborùn Ìyá Mi

Ní ilé wa ní Ìsẹ́yìn, ohùn tẹlifíṣọ̀n ni bàbá mi fi ń kí àlejò káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí lè ṣàjèjì létí ẹni tí kò dé ilé wa rí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Bí ènìyàn bá ti ṣe sàláámù lẹ́nu ọ̀nà, bàbá mi á na rìmóòtù, wọ́n á dín ohùn náà kù títí ẹnu àwọn tó wà nínú àwòrán á kàn máa mì lásán, kí wọ́n tó dá ẹni náà lóhùn. Wọ́n ní kò yẹ kí ohùn ẹni tí kò sí nínú ilé borí ohùn ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ní àwọn ilé mìíràn tó ní tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, àlejò á kí títí, kò ní sí ẹni tó máa yí ojú padà wò ó. Bàbá mi kórìíra rẹ̀ bí wọ́n ṣe kórìíra èké.

Oníṣòwò aṣọ òfì ni wọ́n. Wọ́n ń ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ ìlú wa, wọ́n ń kó o lọ tà ní Ìbàdàn àti Èkó. Nígbà tí wọ́n ti Mẹ́kà dé ni wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n tó ní oríṣiríṣi àwọ̀, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n tún ra fídíò tí a fi ń wo kásẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀kan kọ́ ló ṣe ìkejì, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan ní rìmóòtù tirẹ̀. Orí ìrọ̀rí tó wà lápá ọ̀tún bàbá mi ni méjèèjì máa ń wà, ẹnikẹ́ni kì í sì í fọwọ́ kàn wọ́n. Ìyá mi a máa sọ pé ìyàwó méjì tí Alájì fẹ́ lé òun nìyẹn, pé kò sí wàhálà, àwọn ìyàwó tí kì í jẹun ni. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Wọ́n ń jẹ bátìrì."

Ìwé mẹ́rin ni mo kà tí ìyá mi fi kú. Èmi ni àbíkẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ríṣẹ́ sí Ìbàdàn, èmi nìkan ni mo kù nílé. Mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí n lè máa tọ́jú bàbá mi. Kò dùn mí púpọ̀. Ojú máa ń tì mí láti kékeré. Bí olùkọ́ bá pè mí dìde, ohùn mi á há sí ọ̀fun, àwọn ọmọ kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Ní ilé, bàbá mi kì í fi dandan mú mi sọ̀rọ̀. A lè jókòó láti ìgbà tí wọ́n bá kí alásàárì tán títí di mọ̀gàríbà, kí a má sọ ju gbólóhùn díẹ̀ lọ, ọkàn àwa méjèèjì á sì balẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ni ẹ̀gbà dá wọn wólẹ̀. Wọ́n ń ṣe àlùwàlá ní ẹ̀yìnkùlé, mo sì gbọ́ tí kẹ́tùlù dún gbàràmù lórí sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, omi àlùwàlá ń ṣàn lọ lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan kékeré kan lọ́wọ́ mi. A gbé wọn lọ sí ọsibítù. Nígbà tí a gbé wọn padà, a tún wá àwọn tó ń fi òrí ra ara. Ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í mì díẹ̀díẹ̀, títí ó fi lè gbé ife. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò padà mọ́. Ohùn wọn náà kò padà. Ilé wa wá di ilé ẹni méjì tí kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ tèmi àti ìdákẹ́jẹ́ tiwọn kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́.

Ọ̀rẹ́ kan ni bàbá mi ní, ahunṣọ àgbà kan ní àdúgbò wa. Bàbá ahunṣọ ni n ó máa pè wọ́n. Láti ìgbà èwe ni àwọn méjèèjì ti jọ wà, ẹ̀fẹ̀ sì ni oúnjẹ wọn. Bàbá ahunṣọ a máa sọ pé òfì tí àwọn hun ló gbé bàbá mi dé Mẹ́kà. Bàbá mi á ní òfì wọn wúwo débi pé bí àwọn bá wọ̀ ọ́ lọ, bàálù ì bá má lè gbéra nílẹ̀. Nígbà tí àìsàn yìí dé, bàbá ahunṣọ hun òfì kan wá fún wọn láti máa fi bo ẹsẹ̀ nítorí ọyẹ́. Òfì náà ki, ó wúwo lọ́wọ́. Wọ́n nà án sójú fèrèsé níwájú mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wò ó dáadáa. Oòrùn pàápàá ò ríbi gbà kọjá." Bí mo sì ṣe wò ó, lóòótọ́ ni, ńṣe ló ṣú dùdù.

Ojoojúmọ́ ni bàbá ahunṣọ ń wá lẹ́yìn alásàárì, tí wọ́n á jókòó ti ọ̀rẹ́ wọn. Bàbá mi kò lè sọ pé ẹ káàbọ̀ mọ́. Wọn kò lè dìde, wọn kò lè na ọwọ́ ọ̀tún. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n fi lè kí ọ̀rẹ́ wọn káàbọ̀ ni kí wọ́n dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. Èmi lè bá wọn dín in, mo sì ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń rí ojú wọn bí mo bá ti ṣe é tán. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá gba ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu àgbà.

Nítorí náà mo kó rìmóòtù méjèèjì sí apá òsì wọn. Ìyẹn ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ọwọ́ kan kò lè di méjì mú. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan, ìkejì á yọ́ bọ́ sílẹ̀. Bí sàláámù bá dún lójijì, wọ́n á sáré gbé èyí tó bá sún mọ́ wọn, ó sì lè jẹ́ ti fídíò. Dípò kí ohùn rẹlẹ̀, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ á máa fò kiri bí tata. Àwọn ọmọdé tó wá wòran á rẹ́rìn-ín. Bàbá mi á wá jù ú sílẹ̀, wọ́n á kọjú sí ògiri.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ẹnìkan níbi iṣẹ́ àwọn ní irú rìmóòtù kan tó jẹ́ pé òun nìkan lè pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀rọ inú ilé, pé ó ti ń gba ẹnubodè wọlé sí Ṣakí. Wọ́n fi owó sílẹ̀, wọ́n ní kí n lọ yan èyí tó bá dára. Mo ní kí wọ́n lọ fúnra wọn. Wọ́n ní kò sí àyè, pé ọ̀la ni iṣẹ́. Bí wọ́n sì ṣe ń lọ ni wọ́n rẹ́rìn-ín tí wọ́n ní, "Àbúrò mi, kò sẹ́ni tó máa gbé ẹ mì ní Ṣakí. Ṣáà la ẹnu ẹ."

N kò dá nìkan rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi bàbá mi sílẹ̀ pẹ̀lú bàbá ahunṣọ, mo di rìmóòtù méjèèjì sínú báàgì, mo sì wọ ọkọ̀. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mò ń wo igi òrí àti àwọn òkúta ńlá tó dá dúró sínú pápá, mo sì ń fi ọkàn sọ ọ̀rọ̀ tí màá sọ ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo débẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti fò lọ.

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà sanra, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́. Mo kó rìmóòtù méjèèjì jáde, mo sì tò wọ́n síwájú rẹ̀. Ó wò wọ́n, ó wò mí.

"Ṣé wọ́n kú ni?"

Mo mi orí.

"Ṣé o fẹ́ tà wọ́n ni?"

Mo tún mi orí. Ó yíjú sí àwọn tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá wo oníbàárà tí wọ́n fi ohùn rẹ̀ dógò sílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo tó lè sọ pé ẹyọ kan tó lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì ni mò ń wá.

Ojú rẹ̀ tàn. Ó gbé mẹ́ta sílẹ̀. Àkọ́kọ́ gùn, ó dúdú, ohun tí a ń tẹ̀ lára rẹ̀ pọ̀ bí èso orí àgbàdo. Ó ní èyí ni àwọn lọ́yà àti dókítà ń rà. Ìkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, ó rọrùn láti fi sápò. Ìkẹta kò lẹ́wà. Ó fẹ̀, àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n ga sókè, wọ́n sì jìnnà síra wọn. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn díẹ̀, ó ní ti àwọn arúgbó nìyẹn, pé kí n mú èyí tó gùn.

Mo gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò mọ bí ènìyàn ṣe ń yan rìmóòtù. Ohun tí mo mọ̀ ni ọwọ́ bàbá mi. Mo mọ bí àtàǹpàkò wọn ṣe le, bí ó ṣe máa ń pẹ́ kó tó tẹ̀. Mo wá di ojú mi, mo gbé èyí tó gùn sí ọwọ́ òsì mi, mo sì ń wá ọ̀nà. Ìka mi sọnù láàárín àwọn bọ́tìnnì náà. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo kan èyí tí kò lẹ́wà, àtàǹpàkò mi rí ibi jókòó sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Háà, ọmọbìnrin yìí," ọkùnrin náà ní, "ọwọ́ òsì lo fi ń gbá ọjà mi mú ní òwúrọ̀ yìí? N ò tí ì ta nǹkan kan lónìí o. Ṣé ilé yín ni wọ́n ti kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà yíjú wò mí. Mo gbé rìmóòtù náà sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí, mo mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì gba ọjà, a kì í fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ nítorí tèmi nìkan ni, ǹ bá ti jáde. Ṣùgbọ́n mo rí ojú bàbá mi níbi tí wọ́n ti kọjú sí ògiri.

"Ti bàbá mi ni," mo ní. "Ọwọ́ òsì nìkan ló kù fún wọn."

Ọkùnrin náà dìde. Lẹ́yìn náà ó fa àga kan, ó ní kí n jókòó. Ó kó èyí tó gùn àti èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ padà sínú àpótí, kò sì tún yìn wọ́n mọ́. Ó gbé rìmóòtù wa dojú kọ tuntun lórí tábìlì, bí ìgbà tí ìyá àti ọmọ bá ń wo ara wọn. Ó tẹ ti àtijọ́, ó tẹ tuntun, iná pupa kékeré kan ṣẹ́jú. Ó ní báyìí ni tuntun ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà. Ó béèrè èyí tí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ kọ́. Mo ní èyí tó ń dín ohùn kù. Ó fi í sí bọ́tìnnì tó tóbi jù. Kí n tó dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí rìmóòtù náà, ó ní kí n rántí pé ìmọ́lẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ojú ènìyàn kò rí, òun ló ń jíṣẹ́ fún ẹ̀rọ, kí n má jẹ́ kí nǹkan dí i lójú. Ó ní kí n bá òun kí bàbá.

Nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ tẹ rìmóòtù náà, tí ohùn rẹlẹ̀, tí wọ́n tún tẹ ibòmíràn, tí fídíò dúró, wọ́n wò mí, ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sì gbéra. Ẹ̀rín nìyẹn. Láti ìgbà tí kẹ́tùlù ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, n kò tí ì rí i.

Ní ọjọ́ kejì, sàláámù bàbá ahunṣọ dún. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ni tẹlifíṣọ̀n wa wà, nítorí ibẹ̀ nìkan ni iná dé nínú yàrá náà. Ẹni tó bá na rìmóòtù sí i, ńṣe ló dà bí ẹni pé ó nà án sí ẹni tó ń wọlé. Bàbá mi na ọwọ́ òsì. Ohùn rẹlẹ̀, gbogbo yàrá dákẹ́. Inú bàbá ahunṣọ dùn, mo rí i. Ẹni tí inú rẹ̀ bá sì dùn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bá a ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Alájì!" bàbá ahunṣọ ní. "Ó tún ku èyí. Ọwọ́ òsì lẹ wá nà sí mi yìí? Kí ni mo jẹ yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti olówùú kan tó fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ. Ní ayé àtijọ́, bàbá mi ì bá ti dá ẹ̀fẹ̀ náà padà pẹ̀lú èlé. Báyìí kò sí ẹnu tí wọ́n máa fi dá a padà. Ẹ̀fẹ̀ náà kàn wọlé sí wọn lára, ó sì dúró síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, rìmóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í dára ní òwúrọ̀, ó ń bàjẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá jẹ́ èmi àti bàbá mi nìkan, ó ń ṣiṣẹ́. Bí bàbá ahunṣọ bá ti ṣe sàláámù, tẹlifíṣọ̀n á máa pariwo lọ. Bàbá ahunṣọ á gbé ohùn sókè kí wọ́n tó lè gbọ́ ara wọn, títí wọ́n fi dẹ́kun bíbá bàbá mi sọ̀rọ̀, tí wọ́n wá ń bi mí pé, "Ṣé wọ́n jẹun? Ṣé wọ́n sùn?" bí ẹni pé bàbá mi kò sí níbẹ̀. Bàbá mi á jókòó bẹ́ẹ̀, omi á máa jáde lójú wọn. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo nu ojú rìmóòtù. Èrò mi ni pé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ ní Ṣakí.

Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi tún wá, wọ́n rí i fúnra wọn: ariwo tẹlifíṣọ̀n, àlejò tó ń pariwo lé e, bàbá tó ń sunkún. Nígbà tí bàbá ahunṣọ lọ, ẹ̀gbọ́n mi gbé rìmóòtù, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó ṣiṣẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, kò kọ iṣẹ́ rí. Wọ́n pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Ojú wọn pọ́n.

"Àbúrò mi, rìmóòtù ò bàjẹ́. Orí bàbá ló ń lọ."

Wọ́n ní kò yẹ kí àwọn ènìyàn máa wá wo Alájì ní ipò yẹn. Wọ́n ní bí ààwẹ̀ bá ti parí, àwọn á gbé wọn wọ yàrá inú, àwọn á dá àlejò dúró, àwọn á sì kó tẹlifíṣọ̀n àti fídíò lọ sí Ìbàdàn, nítorí kí ni wọ́n tún ń ṣe níbí. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹkún ń gbọ̀n wọ́n lóhùn. Mo fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé orí wọn pé, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi hàn? Nígbà tí mo padà wọlé, fèrèsé ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀. Bàbá mi di ojú wọn, ṣùgbọ́n wọn kò sùn.

Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi padà, mo jókòó sórí ẹní ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń ṣa ẹ̀wà. Sàláámù dún. N kò wo tẹlifíṣọ̀n, n kò wo ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi ni mo ń wò. Bí ohùn ọ̀rẹ́ wọn ṣe dún, ọwọ́ òsì wọn tó gbé rìmóòtù wọ abẹ́ òfì kíákíá, bí ìgbà tí èkúté bá wọ ihò. Lẹ́yìn náà mo rí i tí aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, tó ń sọlẹ̀, tó ń gbéra, ní ibi tí àtàǹpàkò wọn wà. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù lára wọn, lábẹ́ aṣọ tí oòrùn pàápàá kò ríbi gbà kọjá, omi sì ń bọ́ lójú wọn.

Ẹ̀wà dà sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bàbá ahunṣọ bi mí pé kí ló dé. Mo ní kò sí nǹkan kan.

Ẹni tí orí rẹ̀ ti lọ kò mọ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún. Bàbá mi mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju àwa tí ara wa le lọ. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀rẹ́ wọn, wọn kò sì fẹ́ rí i fín. Wọn kò rí ọ̀nà kẹta.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí àpótí ìyá mi. Ìborùn funfun kan wà níbẹ̀ tí bàbá mi rà bọ̀ fún wọn láti Mẹ́kà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó jẹ́ pé bí o bá nà án sójú o lè rí ẹni tó ń bọ̀ ní ìta. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sí ẹni tó ṣí i. Mo gbé e dé iwájú bàbá mi. Wọ́n dá a mọ̀ kí n tó tú u. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì kàn án, wọ́n sì fi ọwọ́ náà síbẹ̀ títí. N kò sọ ìdí tí mo fi mú un wá. Mo kàn fi rìmóòtù sí wọn lọ́wọ́, mo da ìborùn náà bo ọwọ́ wọn títí dé ìgúnpá, mo sì tan tẹlifíṣọ̀n. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kò tí ì ṣí ní àkókò yẹn, ariwo ṣàà-ṣàà nìkan ló ń mú wá. Mo rí i tí aṣọ funfun náà mì. Ariwo náà rẹlẹ̀, ó rẹlẹ̀, ó dákẹ́.

Bàbá mi wò mí. N kò lè wò wọ́n padà. Mo lọ sí ìdí ààrò, mo sì jẹ́ kí èéfín gba ẹ̀bi omi ojú mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá ahunṣọ dé. Wọ́n ṣe sàláámù pẹ̀lú ohùn òkè bí wọ́n ṣe ti mọ̀ ọ́n lára. Ohùn tẹlifíṣọ̀n rẹlẹ̀. Bàbá ahunṣọ dúró. Wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wò mí níbi tí mo jókòó sí, wọ́n rí i pé ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú igbá. Nígbà náà ni wọ́n wo ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n wo òfì lórí ẹsẹ̀, wọ́n wo ìborùn funfun lórí ọwọ́. Ahunṣọ ni wọ́n, kò sẹ́ni tí mo ní láti ṣàlàyé aṣọ fún. Ẹ̀fẹ̀ ọjọ́ kìíní padà sí wọn lójú, mo rí i bó ṣe dé.

Wọ́n rìn wá, wọ́n kúnlẹ̀ lórí eékún kan. Wọ́n na ọwọ́ òsì tiwọn, wọ́n tì í bọ abẹ́ ìborùn náà, wọ́n sì di ọwọ́ òsì bàbá mi mú.

"Ẹ kú ilé, Alájì," wọ́n ní. "Mo gbọ́ o. Mo gbọ́ kíkí yín."

Nígbà tí ààwẹ̀ parí, ẹ̀gbọ́n mi dé láti kó ẹrù. Wọ́n bá bàbá mi àti bàbá ahunṣọ ní ìjókòó. Wọ́n ṣe sàláámù, ohùn rẹlẹ̀ fún wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà bíi ọmọ ilé kéwú tó pẹ́ dé. Nígbà tí wọ́n gbàgbé, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè ọ̀rọ̀ bàbá lójú bàbá, ohùn tẹlifíṣọ̀n gbéra sókè lójijì, ó bò wọ́n lẹ́nu. Bàbá ahunṣọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ ti yàrá inú mọ́.

Odidi ìgbà òjò kan ni Ọlọ́run tún fún wa. Àwọn ẹ̀rọ náà ti wà ní Ìbàdàn báyìí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n bi mí bóyá màá fún wọn ní rìmóòtù náà, mo ní rárá. Wọn kò tún béèrè mọ́. Inú ìborùn yẹn ni mo wé e sí, nínú àpótí ìyá mi.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ kan ní ìparí ìgbà òjò yẹn, òjò ti dá. Mo ti fún bàbá mi ní ẹ̀kọ mu, mo nu ẹnu wọn, mo tan tẹlifíṣọ̀n, mo da ìborùn bo ọwọ́ wọn, mo sì jókòó láti gé ilá. Ọkùnrin kan ń ka ìròyìn. Sàláámù bàbá ahunṣọ dún lẹ́nu ọ̀nà.

Ohùn kò rẹlẹ̀.

Bàbá ahunṣọ kò wọlé. Mo rí ẹsẹ̀ wọn lábẹ́ aṣọ ìlẹ̀kùn, bàtà wọn ti rin gbingbin. Wọ́n dúró. Wọ́n tún ṣe sàláámù lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn wọn kò sì dà bí ohùn àlejò mọ́, ó dà bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ ti bàbá mi. Ojú wọn wà ní dídì, ẹnu wọn rọ̀, èémí kò sí nímú wọn mọ́. Ìborùn náà kò mì. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì bàbá mi ṣì di rìmóòtù mú, àtàǹpàkò wọn ṣì wà lórí bọ́tìnnì ńlá náà. Mo fi àtàǹpàkò mi lé tiwọn, mo sì tẹ̀ ẹ́, àwa méjèèjì jọ tẹ̀ ẹ́, títí ọkùnrin tó ń ka ìròyìn fi ń mi ẹnu lásán.

Nígbà náà ni bàbá ahunṣọ gbé aṣọ ìlẹ̀kùn sókè, wọ́n sì wọlé.